Ohun tí Mo Gbọ́ Nínú Abẹ̀bẹ̀ Bàálù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, ẹ má kọ́kọ́ bi mí pé èló ni wọ́n ń san fún mi. Owó oṣù mi àkọ́kọ́ kò tó nǹkan, èyí tí wọ́n fi sìn mí délé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì náà kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ owó ti tán nìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ bi mí ni ohun tí etí mi gbọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń yẹ abẹ̀bẹ̀ bàálù wò bóyá ó sán. Etí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ojú tó bá mi dá sí i.

Abẹ̀bẹ̀ tí mò ń wí yìí ni igi gbọọrọ alápá méjì tó máa ń yí bìrìbìrì lára bàálù kékeré. Kì í ṣe bàálù tó ń gbé àlàájì lọ sí Mẹ́kà o. Bàálù ẹlẹ́nì kan tàbí ẹlẹ́ni méjì ni, tí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n nà sórí irin, tó fúyẹ́ débi pé ọkùnrin mẹ́ta lè tì í jáde bí ẹni ń ti ọmọlanke. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń fà á lọ. Bí ibì kan bá sán lára rẹ̀, ì báà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ẹni tó bá gbé e gòkè ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Múfútáù lorúkọ mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ìdílé afíngbá la ti bí mi. Bàbá mi kì í ra igbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgbé e sétí. Á fi èékánná ta á, á sì dákẹ́. Igbá tó pé á dáhùn kedere. Èyí tó bá ti sán nínú, bí ojú kò tilẹ̀ rí i, ohùn rẹ̀ á há. Láti kékeré ni mo ti mọ ìyàtọ̀ yìí, ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí ilé iṣẹ́ oko ńlá kan láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀, ìbátan wa kan mú mi lọ. Mo ti lé ní ogún ọdún, mo ti ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà díẹ̀, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Ìgbà SAP ni, nígbà tí ìjọba ológun ní ká yé kó àgbàdo òkèèrè wọlé, tí àwọn ilé iṣẹ́ bá ń sáré wá ilẹ̀ oko kiri. Ilẹ̀ tí àwọn tiwa rí rà, àhoro ni. Ìlú kan ti wà níbẹ̀ rí, ogun ayé àtijọ́ ló tú u. Ẹ ó máa rí ògiri tó ti wó tó ku kùkùté, ẹ ó máa rí igi osè ńlá tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbìn ín. Àwọn tó fi katakata tẹ́ ojú ọ̀nà bàálù sọ fún mi pé ó hú ìkòkò jáde, ó hú egungun jáde. Wọ́n kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n da yangí bò wọ́n, wọ́n sì kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù tí bàálù ń sùn sí nítòsí ibẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tó máa ń fẹ́ dá nìkan wọ ṣẹ́ẹ̀dì yẹn, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ máa ń tutù láìnídìí. Bí o bá wúkọ́, ohùn rẹ á pẹ́ kó tó lọ.

Inú ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ń ṣiṣẹ́. Díákónì Ọlágòkè ni à ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni tẹ́lẹ̀. Òyìnbó oníwàásù kan tó ń fi bàálù kékeré kiri ìjọ ló kọ́ ọ níṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ láyé ọjọ́un. Ọkùnrin náà ga, ó tínrín, ẹnu rẹ̀ kò gba ẹ̀rín. Nítorí pé n kì í pa ìrun jẹ, ó sọ mí ní Lèmọ́mù.

"Lèmọ́mù," ló wí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, "ọwọ́ tó jẹ ẹ̀pà kò gbọdọ̀ kan igi mi. Òróró á wọ inú rẹ̀. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ wà nítòsí igi mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"O ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Oṣù mẹ́fà sí i ni wàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Oṣù mẹ́fà gbáko, mi ò ṣe ju kí n nu igi, kí n gbálẹ̀, kí n sì máa gbọ́ igi. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ di abẹ̀bẹ̀ kan. Bí omi tàbí oòrùn bá bá gọ́ọ̀mù náà jà, àwọn pákó náà á máa jáwọ́ lára wọn nínú lọ́hùn-ún, òde rẹ̀ á sì máa dán gbinrin. Díákónì ní owó sílè àtijọ́ kan. Òun ló fi ń lu igi, ní ìwọ̀n ìka méjì-méjì, láti àárín títí dé ṣóńṣó. Kó. Kó. Kó. Ó kó apá abẹ̀bẹ̀ àtijọ́ mẹ́wàá kọ́ sára ògiri, ọ̀kan ṣoṣo ló sán nínú. Lójoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ ipò wọn, tí èmi á di ojú, tí òun á máa lù wọ́n, tí n ó sì mú èyí tó sán.

Bí mo bá ṣì í mú, kì í nà mí. Ì bá sàn kó nà mí! Yóò kàn dúró, yóò wò mí lójú, yóò ní, "O ti pààyàn. Kí lorúkọ ẹni tí o pa?"

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnì kan tí mo mọ̀. Kò gbà kí n pe orúkọ lásán. Lọ́jọ́ tí mo ṣì í mú lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ ìyá mi ló kù tí mo rí pè. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn nínú ìkùukùu òwúrọ̀, láàárín àwọn igi tí wọ́n so kọ́ tí wọ́n ń mì díẹ̀díẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Mo kórìíra ọkùnrin náà títí di ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fún mi ní ọsàn méjì, ó ní kí n gbé ọ̀kan lọ fún ìyá mi.

Òfin rẹ̀ kan tún wà. Bí bàálù bá ti wọlé, ìbú la gbọ́dọ̀ fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí, apá kan lọ́tùn-ún, apá kan lósì. Bí a bá fi sílẹ̀ lóòró, ọ̀rinrin inú igi á sọ̀ sí apá ìsàlẹ̀, apá kan á wúwo ju ìkejì, abẹ̀bẹ̀ náà á sì máa gbọ̀n lókè. Èmi ló ń ṣe èyí ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni mo rí ohun tí ǹ bá má rí. Mo yọ sí Díákónì lójijì, mo bá a tó gé abẹ̀bẹ̀ jẹ. Mo ní gé e jẹ! Ó fi eyín di etí igi náà mú, ó di ojú, ó ń fi sílè rọra lù ú. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé nǹkan àhoro náà ti wọ inú ọ̀gá mi ni. Mo yí padà, mo jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí mo dé ìdí igi osè ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Etí rẹ̀ ti lọ. Eegun eyín ló fi ń gbọ́ igi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí. Bí mo bá kí i láti ẹ̀yìn, kì í jẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ètè mi ló ń wò. Kí ni kí n ṣe? Kí n lọ bá àgbà, kí n ní, ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ iṣẹ́ etí, ẹ ti dití? Kí n lọ sọ fún Mánéjà, ẹni tó ti ń wí káàkiri pé àgbà náà tó sinmi, nígbà tí ọmọ ọ̀gá mi méjì ṣì wà ní ilé ìwé? Ọmọ ilé ire kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n kan ni mo wá dá. Bí ó bá lu ibi tí ohùn rẹ̀ kò dára tó sì ń kọjá lọ, n ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi tún ibẹ̀ lù. Ọkàn mi lọ, mi ò gbọ́ ọ dáadáa." Yóò bínú sí mi, yóò ní orí mi kún fún koríko. Ṣùgbọ́n yóò dúró, yóò ní kí n lọ bu omi wá, kí n tó dé yóò ti fi eyín sí i. Bí mo bá padà dé, yóò ní, "Ibí yìí kò dára o." Èmi náà á ní, "Háà, ẹ ṣeun, sà." Báyìí ni a ṣe é fún ọdún kan gbáko. Àṣírí rẹ̀ bò, kò sì sí ẹni tó kú.

Ọdún kẹta mi níbẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ ṣáá, ni abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀.

Ní àárọ̀ kan, èmi àti Bàbá Ọlọ́dẹ, tó ń ṣọ́ ibẹ̀, jọ ṣí àgádágodo ṣẹ́ẹ̀dì. Abẹ̀bẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ sí ìbú dúró ní òòró gán-án. Mo ní bóyá mo gbàgbé ni. Mo dá a padà. Ní ọjọ́ kejì, ó tún dúró. Apá kan náà ló wà nísàlẹ̀, èyí tí a fi ọ̀dà pupa díẹ̀ sàmì sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo da eérú yí bàálù ká kí n tó ti ilẹ̀kùn, kí n lè rí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọlé. Ní àárọ̀, eérú náà wà bí mo ṣe dà á, kò sí àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn, kò sí ti ẹran. Abẹ̀bẹ̀ náà dúró ní òòró, apá alámì pupa nísàlẹ̀.

Bàbá Ọlọ́dẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. "Múfú, àwọn onílẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn wà ńlé."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Kí ni kí n sọ? Ṣé atẹ́gùn ló ń ṣe é, nínú ilé tí a tì?"

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, oòrùn wà lókè, mo tún abẹ̀bẹ̀ náà fi sí ìbú, mo jókòó sórí àpótí láti jẹ ẹ̀bà mi. Mo gbójú sókè. Apá alámì pupa náà ń wálẹ̀. Kò yára. Ó ń rọra wálẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ ọwọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn tó ti nà án pẹ́. Kò dún rárá. Mo sọ òkèlè sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ Áyátù Kúrísíyù láti inú Kùránì, mo ṣì í kà, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Kí n tó parí rẹ̀, apá náà ti dé ìsàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́.

Mo sọ fún Díákónì. Ó wo abẹ̀bẹ̀ náà títí, ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó gbàdúrà kíkan. "Jésù jù wọ́n lọ," ló wí. "Má jẹ́ kí Mánéjà gbọ́ o, àwọn òṣìṣẹ́ á sá." Èmi náà lọ bá ààfáà wa ní Ọ̀yọ́, ó fún mi ní omi hántú tí wọ́n fi fọ wàláà, mo wọ́n ọn sílẹ̀ yí bàálù náà ká. Ẹ wá wo ọgbọ́n orí wa! Àwa la ní òfin pé ọ̀rinrin máa ń mú apá kan wúwo ju ìkejì. Àwa la tún ń wọ́n omi, tí a ń lé ẹ̀mí àìrí. Ẹ̀rù àhoro yẹn ti jẹ́ kí a gbàgbé iṣẹ́ tí a kọ́.

Ọjọ́ kejì ni Mánéjà dé ní kùtùkùtù pẹ̀lú àlejò méjì láti orílé iṣẹ́. Kòkòrò ti bo àgbàdo lápá ìsàlẹ̀ oko, ó fẹ́ kí bàálù gòkè lọ fín oògùn kíá. Ẹni tó ń wà á ni Dọ̀tun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Aláwàdà ni. Kì í pè mí ní Múfú lásán, "Múfú Elétí" ló ń pè mí. Ó bá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́ bàálù, ó ń bó ọsàn, kí Díákónì yẹ abẹ̀bẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí òfin.

Díákónì mú sílè rẹ̀. Kó. Kó. Kó. Apá àkọ́kọ́ dáhùn dáadáa. Ó bọ́ sí apá alámì pupa. Kó. Kó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibi tí irin bo ṣóńṣó igi, mo gbọ́ ọ. Pù. Ohùn náà há, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu mọ́ ọn lára láti inú igi wá. Díákónì ti kọjá ibẹ̀.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ dákun, ẹ bá mi tún ibẹ̀ yẹn lù. Ọkàn mi lọ, mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Mánéjà ló dá mi lóhùn. "Ṣé ọmọ yìí dití ni? Díákónì, kí lẹ ń fi adití ṣe nídìí iṣẹ́ yín? Kòkòrò ń jẹ àgbàdo mi, ẹ dúró ẹ̀ ń ta sílè!"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n bú, ṣùgbọ́n mo rí ojú ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ náà gún un wọ egungun. Ó wo igi náà. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, mo mọ̀ pé kò lè ṣe é. Báwo ni díákónì ìjọ, àgbà tó ti hewú, ṣe máa ya ẹnu gé igi jẹ lójú àlejò? Omi tí ì bá rán mi lọ bù, kò sí àyè rẹ̀.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," ló wí. "Ó dára."

Ó fọwọ́ sí ìwé. Mo sì dákẹ́. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ, mo dákẹ́! Mo ní a kì í bá àgbà jà lójú àwùjọ. Mo ní bó bá di ọ̀sán, tó bá ku èmi àti òun, n ó wá ọ̀nà sọ ọ́. Mo tún ní, ta ló mọ̀, bóyá àwọn ará àhoro ló ń fi mí ṣeré, tí ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe ohùn igi. Èrò mẹ́ta ni mo rò, kò sí èyí tó tó ẹ̀mí ènìyàn nínú wọn.

Bàálù náà gòkè. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó fín oògùn lọ, ó ń bọ̀. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́kàn mi. Ohùn rẹ̀ bá yí padà lójijì, ó ń hu, ó ń hu, ó dà bí igbe ènìyàn. Nǹkan dúdú kan fò jáde níwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí abẹ̀bẹ̀ gbọ̀n títí ó fi ya kúrò níbi tí wọ́n dè é mọ́. Bàálù náà yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì já sínú àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan dákẹ́. N kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, apá abẹ̀bẹ̀ tó kù ṣì ń rọra yí lójú afẹ́fẹ́, tí Dọ̀tun wà lábẹ́ irin, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ tó ń wò mí.

Kò kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orókún.

Mo gbé kùkùté apá tó já lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì. Inú rẹ̀ dúdú, ó rin gbindin, ó ń rùn bí kànga tí a ti pa tì. Omi ti ń gba abẹ́ irin ṣóńṣó wọlé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ya pákó sí méjì, ó sì ti mú apá yẹn wúwo. Ẹ̀rọ bàálù náà ti gbó, kò lágbára láti di abẹ̀bẹ̀ mú mọ́. Omi ló ń yí i. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni igi náà fi ń nawọ́ sí ibi tó ń dùn ún, tí àwa ń ka Kùránì àti Bíbélì sí i lórí.

Díákónì jókòó sórí àpótí mi. Òun náà rí inú igi náà. Ó wo ètè mi.

"Lèmọ́mù. Nígbà tí mo lu ibẹ̀, o gbọ́ nǹkan?"

Mo rí i pé bí mo bá ní mo gbọ́, yóò mọ̀ pé òun nìkan ni kò gbọ́. Yóò mọ̀ pé etí òun ló gé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ojú àgbà náà ń bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n títí di òní, mi ò mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Rárá, sà," ni mo wí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"A jẹ́ pé igi náà kò fọhùn."

"Kò fọhùn, sà."

Ó mi orí. Ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kò padà wá mọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi kú. Èmi wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Mo bá iṣẹ́ náà lọ. Mo kúrò lóko yẹn, mo ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, mo ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, mo bá òyìnbó ṣiṣẹ́, mo bá ará Íńdíà ṣiṣẹ́. Abẹ̀bẹ̀ onírin dé. Wọ́n kọ́ wa láti fi omi pupa kan kùn ún, kí a nù ún mọ́, kí a sì fín ẹfun funfun sí i. Lẹ́yìn náà, kí a dúró. Ẹ ó kàn máa wo ojú funfun báláú yẹn ni. Bí irin náà bá sán, ìlà pupa kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú wá, bí ara tí abẹ gé tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì mọ̀. Mo ti rí i tó ìgbà àìmọye, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ onígíláàsì dé, tó ń ya ìlà gọbọ-gọbọ láti fi ohun tó wà nínú irin hàn. Àwọn ọmọ tó kọ́ yunifásítì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ṣì ń fi owó ta igi bí ẹni ń ra igbá. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ wọn, ẹ̀rọ kì í tijú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, òfin kan ṣoṣo ni mo fi kún ti Díákónì. Ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, kí èmi tó la ẹnu. Bó bá ní "bí ẹ̀yin bá ti wí, sà," mo máa ń lé e jáde. Wọ́n ní mo le. Mo le lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún yín, ọwọ́ mi kò ṣeé gbé. Mo mọ̀ pé bí n kò bá tíì rí Dọ̀tun, irọ́ ni n ó kọ. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Takie, ọlọ́kadà kan mọ̀ ọ́n, ó ní, "Alàgbà oníwèé, ẹlẹ́sẹ̀ kan." Dọ̀tun ti ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tẹ ìwé, tó ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbé ní Under G di iṣẹ́ àṣekágbá wọn pọ̀. Ó ti hewú. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀.

"Múfú Elétí! Ìwọ rèé?"

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n." Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mi ò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ nínú igi, mo sì dákẹ́. Kí n má baà dójú ti Díákónì ni."

Ó ń to bébà lọ́wọ́. Ó tò ó tán kó tó wò mí.

"Dìde jókòó, ilẹ̀ dọ̀tí. Ṣé o rò pé Díákónì ni mo gbọ́kàn lé ni? Èmi náà ti rí i tó ń fi eyín di igi mú bí ehoro. Bàbá Ọlọ́dẹ mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé etí Bàbá ti lọ, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́. Ìwọ ni mo máa ń wò. Bí wọ́n bá yẹ ẹ́ wò tán, màá wo ojú rẹ. Bó bá tòrò, màá gòkè."

"Lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Mo wò ọ́, o wolẹ̀. Mo ní bóyá ojú ló ń tì ọ́, nítorí pé Mánéjà bú ọ." Ó fi ọwọ́ pa itan rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti parí. "Mo ti wọlé jókòó, mi ò kàn tíì tan ẹ̀rọ ni. Mo dúró díẹ̀. Ṣé o rántí? Mo ń retí kí o gbójú sókè."

Mo rántí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé àdúrà ló ń gbà.